Orin Adìẹ Mẹ́rin Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè

Bísímílááhì. Èmi Sìdíkátù, tí gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ Àsàlátù wa ní Ìdímù ń pè ní Ìyá Olórin, èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Ìkọ̀tún tí mo ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ìwé yìí. Ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó ní kí n wá máa kiri ẹ̀kọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ń gun ara wọn níbí, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló wúwo. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí Ìyá Olórin ò fi èyí kọrin, ẹni tó jẹ́ pé bí ata bá ta sí i lójú, orin ni. Ẹ jọ̀wọ́, orin ló dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Mi ò lè fi ẹnu tó jalè wá jẹ́rìí. Hamdalah, ọ̀kan nínú wa, ni yóò ka ìwé yìí fún yín lọ́jọ́ Àìkú, èmi yóò sì jókòó níwájú, n ó pa ẹnu mi dé, ohun tí ẹ ò rí rí láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ mí.

Kí n tètè yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún: Mardiyah akọ̀wé wa kọ́ ló fi ojú ewé Fésíbúùkù ẹgbẹ́ wa lé olè lọ́wọ́. Èmi ni. Mo mọ̀ pé èmi ni láti ọjọ́ kìíní, mo sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi oṣù méje gbáko jìyà ẹ̀. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má bínú sí ìyẹn náà. Ẹni tó gbé òkúta sórí rìn láti Ìdímù dé ibùdókọ̀ Command, tó wá rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀, ó níláti rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó máa wo ẹni tí òkúta náà bà.

Raheem ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn ló ra fóònù olójú ńlá fún mi, ó ní kí n lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ó dáa, mo rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ilé tó kún fún ilẹ̀kùn ni fóònù yẹn. Kí o tó wọ Fésíbúùkù, páásíwọ́ọ̀dù. Kí o tó rí íméèlì, páásíwọ́ọ̀dù. Kí o tó ra iná sí mítà, páásíwọ́ọ̀dù. Ọsibítù tí mo ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn náà ní àfi kí n ní páásíwọ́ọ̀dù kí n tó lè mọ ọjọ́ tí dókítà fẹ́ rí mi. Mo kọ Sìdíkátù sí i, ó ní ó kúrú. Mo kọ Sìdíkátù Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní nọ́ńbà dà. Mo fi nọ́ńbà sí i, ó ní lẹ́tà ńlá dà. Mo fi lẹ́tà ńlá sí i, ó ní kí n wá àmì kan bí ìràwọ̀ kún un. Mo bi fóònù léèrè pé ṣé ọmọ ẹ ni mo wá tọrọ ni, tí ẹrù ìdána ò fi tán. Nígbà tó sì wá gbà á tán, ilẹ̀ mọ́, mo ti gbàgbé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú kọ gbogbo ẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná mi, lókè ibi tí mo ń gbé ìkòkò sí. Bí èéfín bá ti pa ọ̀kan rẹ́, mo di aláìnílé nìyẹn.

Ara ògiri yẹn ni Mardiyah ti rí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ka ìwé yìí lẹ́yìn wa lè mọ̀: akọ̀wé wa ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Ìdímù. Ó ń bá àwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, fún nọ́ńbà ìdánimọ̀, fún ìwé ìrìnnà. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé orúkọ rere ni gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, torí àṣírí ara wọn ni àwọn èèyàn ń kó lé e lọ́wọ́. Ó rí ògiri mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé áàpù kan wà tó dà bí àpótí: inú ẹ̀ ni gbogbo páásíwọ́ọ̀dù máa ń gbé, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń ronú wọn jáde, gígùn gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀, òun ló sì máa ń bá èèyàn kọ wọ́n síbi tó bá yẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn máa há sórí, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àpótí. Mo ní irú àpótí yẹn ti yẹ kó wà láti ayé Nóà. Ó ní mẹ́ta lòun ti gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kan, ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó ẹ̀. Ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí fóònù kan péré ló ń gbé, bí fóònù náà bá kó sómi, gbogbo ẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀kẹta ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ṣe é gan-an ò sì lè rí inú ẹ̀. Mo bi í pé bí mo bá wá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè bá mi ṣí i, títí kan àwọn tó kàn án. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Àpótí tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà náà ni Ìyá Àdínnì wa, Àlàájà Fọlákẹ́, ní kí a kó ti ẹgbẹ́ náà sínú ẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Àlàájà Aasiyah papò dà, ṣe ni páásíwọ́ọ̀dù ojú ewé wa bá wọn wọ sàréè, oṣù mẹ́ta la fi ń bẹ̀bẹ̀ ká tó wọlé. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí kí ẹni méjì mọ kọ́kọ́rọ́, kí ikú kan má baà gbé e lọ: èmi torí pé mo dàgbà, Mardiyah torí pé ó mọ̀wé. Mardiyah wá bá mi nílé, ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò ní rò papọ̀ láyé. Mo gbójú síta. Adìẹ àwọn ará ilé kejì ti gun orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí wọ́n páàkì, wọ́n jókòó tò bí èrò. Mo ní, "Adìẹ mẹ́rin wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n ń lọ Ìjẹ̀gùn." Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, ó ní kò sólè tó máa rò ó láé. Ó tún fi ilẹ̀kùn kejì kún un: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí àpótí lórí fóònù tuntun, nọ́ńbà mẹ́fà yóò kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù tèmi. Ó mú mi lọ́wọ́, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, nọ́ńbà yẹn, bó jẹ́ èmi Mardiyah gan-an ló bi yín, ẹ má sọ ọ́ fún mi." Ó ní kí n kọ kọ́kọ́rọ́ sínú ìwé, kí n fi sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò kọ ọ́. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọmọ kékeré pé kó máa pè é fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ ṣì, bẹ́ẹ̀ ni Raheem ò sì sí nílé. Ní tèmi, ohun tí mo bá ti sọ dorin kì í jáde lórí mi mọ́. Orin ni mo fi mọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá bàbá mi méjìlá, orin ni mo fi mọ oògùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. Mo bá sọ kọ́kọ́rọ́ dorin:

Adìẹ mẹ́rin wọ kẹ̀kẹ́ o,
Wọ́n ń lọ Ìjẹ̀gùn,
Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀,
Wọ́n láwọn ò tíì délé.

Ẹ wò ó, orin náà dùn. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká ló burú ni, ǹ bá ti gbé e mì. Mò ń ṣàlùwàlá, ó ń bọ́ lẹ́nu mi. Mò ń ṣa ẹ̀wà, ó ń bọ́. Nígbà tí a lọ sọ ọmọ-ọmọ Hamdalah lórúkọ ní Ìgàndò, tí wọ́n gbé máíkì fún mi, orin ẹgbẹ́ tán lẹ́nu mi, mo bá fi adìẹ mẹ́rin sí i. Gbogbo yín lẹ dìde. Àlàájà Fọlákẹ́ tí eékún ń dùn jó bí ọmọge. Hamdalah fi fóònù ká a sílẹ̀, ó sì gbé e sójú ewé ẹgbẹ́ wa, nọ́ńbà fóònù mi wà nísàlẹ̀ ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pe olórin. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé, mo gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn ilé náà, mo tún ní kí ayé wá jó sí i. Ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ rò pé orin adìẹ ni. Èmi mọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló máa mọ̀.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, lọ́sàn-án, mo jókòó síwájú ilé, mò ń ṣa ẹ̀wà, fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ó ń pè mí ní Ìyá Olórin, ó kí mi títí dé orí àwọn adìẹ. Ó ní òun ń ṣe ètò kan lórí rédíò, pé orin mi ti gba ìgboro, pé òun fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ẹ̀ ṣe wá sí mi lórí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé báwo ni mo ṣe ń ronú orin. Mo sọ fún un. Mo ní kì í ṣe orin lásán, pé ìlà méjì àkọ́kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí páásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa. Ó ní, "Háà, ìyá, ọgbọ́n yìí mà pọ̀ o. Àpótí wo nìyẹn?" Mo sọ orúkọ àpótí. Mo sọ íméèlì. Ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ mi sínú ètò, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọ orí fóònù mi, kí n bá òun kà á. Nọ́ńbà wọlé. Ọ̀rọ̀ Mardiyah wá sí mi lọ́kàn, mo búra, ó wá, ó dúró níwájú mi bí èèyàn. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Ọkùnrin yẹn ní, "Ìyá, ẹ kúkú kọ ọ́ lórin fún mi." Mo sì kọ ọ́ lórin. Èmi Sìdíkátù, mo gbé nọ́ńbà mẹ́fà sórí ohùn, mo sì ń fi ọwọ́ lu àwo ẹ̀wà sí i. Nígbà tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n la àwo náà mọ́ ara mi lórí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ojú ewé tí a ti ń ṣe wáàsí ti di ibi tí wọ́n ń polówó tẹ́tẹ́. Orin ọdún mọ́kànlá, wọ́n pa á rẹ́. Àdúà tí Àlàájà Aasiyah ṣe fún wa nínú Ramadan tó kẹ́yìn ayé wọn, èyí tí àwọn ọmọ wọn máa ń gbọ́ bí àárò bá sọ wọ́n, wọ́n pa òun náà rẹ́. Mo tẹ fóònù mi, mo pa nọ́ńbà ọkùnrin yẹn rẹ́ níbi tó ti pè mí. Ọwọ́ mi tó wúwo láti kọ̀wé, kò wúwo láti ṣe ìyẹn.

Ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ẹ wà níbẹ̀. Ìyá Àdínnì ní ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́, kí àwọn méjèèjì sọ tẹnu wọn. Mardiyah dìde. Ó kọjú sí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni pè yín lọ́jọ́rú?" Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún mi? Ọmọ náà fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i, ó ń dúró kí n gbabẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n mo wo ojú yín, mo ronú pé wọn ò ní gbé máíkì fún mi mọ́, pé wọ́n á ní ìyá arúgbó tí ò mọ nǹkan kan ló ba ilé jẹ́. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó pè mí. Ta ni yóò pè mí?" Ó dìde, ó lọ jókòó.

Ká ló tán síbẹ̀ ni, ǹ bá ní ìbẹ̀rù ló ṣe mí. Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí ẹ dákẹ́, tí ẹ ò tíì mọ ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi, ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárín àwa obìnrin: ọ̀rọ̀ tí a ò bá lè sọ lójú, orin òwe la fi ń sọ ọ́, a ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹni tó ni ín. Mo bá dá a sílẹ̀:

A gbé kọ́kọ́rọ́ fọ́mọ kékeré,
Ó fi ṣílẹ̀kùn fólè,
Ẹ kíyè sí akọ̀wé o,
Ẹni tó mọ̀wé ló mọ̀nà.

Ẹ gbè é. Ẹ gbè é dáadáa. Mardiyah gbé báàgì ẹ̀, ó bọ́ síta, orin sì ń bá a lọ lẹ́yìn. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní Ìdímù ti ń kọ ọ́. Obìnrin kan lọ gba fọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀ padà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ta orúkọ ọmọ òun. Òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn tó ti ń fún un níṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin ń gba iwájú ẹ̀ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Kò pé oṣù méjì tó fi ti ṣọ́ọ̀bù, tó gbé tábìlì kan lọ sábẹ́ agboòrùn ní Ìjẹ̀gùn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń gun ọ̀kadà lọ gun ọ̀kadà bọ̀ lójú ọ̀nà burúkú yẹn. Ìjẹ̀gùn náà ni. Àwọn adìẹ mi ò dé ibẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni mo rán lọ.

Àwọn páásíwọ́ọ̀dù tèmi tó wà nínú àpótí kan náà ti bá ti ẹgbẹ́ lọ. Lóṣù tó kọjá, ọsibítù ní kí n wá ọjọ́ dókítà lórí fóònù, mi ò rí ilẹ̀kùn kankan wọ̀. Mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin láàárín Ìkọ̀tún àti Ìdímù. Ẹni kìíní jágbe mọ́ mi, ẹni kejì tẹ fóònù títí ó fi kú, ẹni kẹta ní kí n sọ páásíwọ́ọ̀dù bánkì mi, ẹni kẹrin ní kí n lọ pe ọmọ mi wá. Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù létí títì, mò ń ráhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní sùúrù mi láyé yìí, mo sì mọ ibi tí mo lé e lọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó gbé mi lọ Ìjẹ̀gùn. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà ń kọrin akọ̀wé. Mo ní kó dákẹ́, ó ní, "Ìyá, orin yìí ò dùn mọ́ yín ni?"

Mardiyah rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi àga òun fún mi, òun jókòó sórí páálí. Ó ṣe àpótí tuntun fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wọ ọsibítù, ó rí ọjọ́ dókítà. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Mardiyah, ọkùnrin kan pè mí lọ́jọ́rú yẹn." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀, ìyá." Ó ní lẹ́yìn tí olè ti wọlé tán lòun rí i nínú íméèlì pé fóònù tuntun ṣí àpótí lọ́jọ́rú, nọ́ńbà tó wọ fóònù mi ló sì fi ṣí i. Ó ní òun rí fídíò orin adìẹ lójú ewé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun fẹ́ sáré wá bá mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ òun á wá bá mi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó ní ẹ̀bi òun ni ìyẹn. Ẹ gbọ́, ó tún ń wá ẹ̀bi tara ẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹgbẹ́, nígbà tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó ní, "Ẹ ti kọ ọ́ lórin, ìyá. Ohun tí ẹ bá ti kọ lórin, ẹ̀rí wo ló máa bá a jà? Èmi ò sì mọ orin kọ."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ darí jì mí. Mo bẹ̀ yín, mo bẹ àwọn ọmọ Àlàájà Aasiyah, torí Mardiyah ti gba ojú ewé wa padà lọ́wọ́ olè, òun nìkan, ó ń kọ̀wé sí àwọn Fésíbúùkù láti oṣù méje, ṣùgbọ́n òfìfo ló gbà, ohùn ìyá wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, àpótí páásíwọ́ọ̀dù ò ní ẹ̀bi, ó ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ní òun ó ṣe. Ẹ wá èyí tó dáa, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gígùn tì í, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú ìwé, ẹ fi pamọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìyìn tọrọ nọ́ńbà lọ́wọ́ yín, ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ náà, ẹ tètè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó dorin. Kọ́kọ́rọ́ mi tuntun, èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì yìí kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀lé ìkejì, Mardiyah ń pè é fún mi, ọ̀sán gbáko ló gbà wá. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ẹ má bi mí léèrè, torí mo ti fẹ́ máa gbé e sórí ohùn.

Ẹni tó bá ti gbe orin akọ̀wé yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, kó lọ wá Mardiyah lábẹ́ agboòrùn ẹ̀, kó sì bá a gbé tábìlì ẹ̀ padà sí Ìdímù. Lọ́jọ́ Àìkú, tí Hamdalah bá ka èyí tán, mo mọ̀ pé ẹ ó máa wo ẹnu mi pé kí n dá orin ìparí. Mi ò ní dá a. Ẹ gbé máíkì fún Mardiyah. Mi ò tíì sọ fún un, ohùn ẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá dá ni kí a gbè. Bó bá sì jẹ́ èmi ló fi bú, ohùn tèmi ni kó lọ sókè jù.